Bẹ́ẹ̀ Ni tàbí Bẹ́ẹ̀ Kọ́ Ni Mo Béèrè, Owó Kọ́

Agboolé Onírọ̀rí,
Bẹ́yẹrúnkà, Ìbàdàn.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kọkànlá, ọdún 1999.

Morádéyọ̀ ọmọ mi, Àwẹ̀ró mi ọ̀kan ṣoṣo,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé Èkó ń gbè ọ́, ṣé ara le, ṣé o ń jẹun kí o tó jáde láàárọ̀? Bí o bá béèrè èmi náà, mo wà, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí kò jẹ́ ká fi ẹkún bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà. Ọlọ́run tó mú ọ mọ ọ̀nà Èkó kò ní jẹ́ kí ọ̀nà ilé di igbó mọ́ ọ lójú. Má bínú pé ọ̀rọ̀ mi tóbi gàdàgbà lórí ìwé, tí ìlà kan sì ń gun orí ìkejì, ojú ló fà á, mo máa dé ibẹ̀.

Kí o má baà rò pé Sàlámì awakọ̀ ló ṣe é, owó tí o fi rán an sí mi, mo tún ti kó o fún un kó gbé e padà wá fún ọ pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Ó kọ́kọ́ kọ̀. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń ná Bẹẹrẹ sí Èkó, òun ò rí bàbá tó dá owó padà fún ọmọ rí, ó ní ṣé kì í ṣe pé ojú tó ń dùn mí ti ń wọ orí. Mo ní kó sáà gbé e lọ, pé bí òfin ibi iṣẹ́ rẹ ṣe wí nìyẹn.

Mo ka lẹ́tà tí o fi ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ fún mi títí ó fi fẹ́ ya. O ní kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ yín a máa béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ mìíràn ní Kàdúná, pé orí wáyà tẹlifóònù ni ìbéèrè ń gbà lọ tí èsì ń gbà bọ̀. O ní àwọn méjèèjì ò gbọ́ra wọn yé, pé bí ọ̀kan ṣe ń kọ ọjọ́ kọ́ ni ìkejì ṣe ń kọ ọ́, ìwọ lo wá dúró láàárín wọn, tí ò ń sọ pé èyí tí tìbí ń pè báyìí, òun ni tọ̀hún ń pè báyẹn. O ní ẹ ti pín àyè fún oríṣi èsì kọ̀ọ̀kan, àyè iye fún iye, àyè ọjọ́ fún ọjọ́, àyè orúkọ fún orúkọ, àwọn ìbéèrè kan sì wà tó jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ nìkan ni àyè wọn gbà. Ohun tí kì í bá ṣe oríṣi tí wọ́n béèrè, ò ń dá a padà ni, bó ti wù kó dára tó. Inú mi dùn. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ ọ́, bí òjò bá ti ṣú, kúrò lórí wáyà náà, kí iná má baà gbé ọ. Àánú kọ̀ǹpútà Kàdúná yẹn náà ń ṣe mí, tó jẹ́ pé ìbéèrè ni wọ́n ń bi í tọ̀sán-tòru. Ẹ máa kí i kí ẹ tó bi í ní nǹkan.

Mo sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ọmọ mi ń ṣọ́ ẹnu ibodè, ó ń yẹ ohun tó ń wọlé wò, èyí tí kò bá bófin mu ó ń dá a padà. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Lọ́jọ́ kejì ni Olúwọlé tó ń gbé igbá ọrẹ wá bá mi nílé, ó ní kí n bá òun bẹ̀ ọ́, bí ẹ̀yin kọ́sítọ́ọ̀mù bá gbẹ́sẹ̀ lé fìríìjì kan, kí o rántí òun. Mo ní ọ̀rọ̀ ni ọmọ mi ń yẹ̀ wò, kì í ṣe fìríìjì. Ó ní òun mọ̀ pé bí gbogbo wọn ṣe máa ń sọ nìyẹn. Mo ní o kì í gba rìbá, ló bá bínú lọ.

Èmi náà ti ń lo òfin yín nílé. Mo rán Eunice, ìyàwó ayálégbé wa, pé kó bá mi ra abẹ́rẹ́ ní Ọjà'ba, ìròyìn ìjà kan tó ṣẹlẹ̀ lábẹ́ Màpó ló gbé dé. Ìròyìn náà dùn o, àmọ́ abẹ́rẹ́ ni mo béèrè, mo dá ìròyìn rẹ̀ padà fún un. Kò kí mi dáadáa mọ́ láti ìgbà náà.

Ọ̀rọ̀ ojú mi wá kù. Nǹkan funfun ti bo ẹyinjú ọ̀tún pátápátá, òsì náà sì ń tẹ̀ lé e. Lóṣù tó kọjá mo rán ìrọ̀rí fún ìyá kan ní Pópó Yemọja, ó gbé e padà wá, ó ní nǹkan ń gún òun létí. A tú u, sísọ́ọ̀sì mi tí mo ti ń wá kiri la bá nínú òwú. Gbogbo ìsọ̀ Bẹẹrẹ rẹ́rìn-ín, èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín, àmọ́ nígbà tí mo délé, ẹ̀rín náà ò tẹ̀ lé mi wọlé. Dókítà ní àfi abẹ. Ó ní ojú náà lè là, ó sì lè má là.

Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ̀wé sí ọ lọ́jọ́sí. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo bi ọ́, pé ṣé o máa wá kí wọ́n tó gbé abẹ lé ojú mi. Owó ni mo rí gbà, àti ìwé pélébé pé kí n fi tọ́jú ara. Owó náà dára, mi ò kọ oore. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni mo béèrè, iye lo fi ránṣẹ́. Ìwọ alára, bí kọ̀ǹpútà Kàdúná bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọ, ṣé o máa gbà á?

Àwẹ̀ró, àárò rẹ ń sọ mí. Láti ọjọ́ tí a ti sin ìyá rẹ, o ò tíì fẹsẹ̀ kan ilé yìí. Mo mọ̀ pé yàrá rẹ̀ ló ń bà ọ́ lẹ́rù. Ó ń ba èmi náà lẹ́rù, ibẹ̀ sì ni mò ń sùn. Nírọ̀lẹ́, bí mọ́tò Èkó bá já èrò sílẹ̀, mo máa ń jókòó sẹ́nu ìsọ̀, mo máa ń wo obìnrin tó bá ga bíi tìẹ. Tẹ́lẹ̀, láti òkèèrè ni mo ti máa ń mọ̀ pé ìwọ kọ́. Ní báyìí, ó dìgbà tí wọ́n bá dé iwájú mi gan-an, ìrètí náà wá ń pẹ́ lọ́wọ́ mi díẹ̀ sí i. Oore kan ṣoṣo tí àìsàn yìí ṣe mí nìyẹn.

Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́ ni èsì rẹ, fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀, mo máa gbà á, oríṣi tí mo béèrè ni. Bí ó bá sì jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, fi ọwọ́ ara rẹ gbé owó náà dání bọ̀, kí o sì fi díẹ̀ kún un, torí owó abẹ wà níbẹ̀, páànù ẹ̀yìnkùlé ń jò, mi ò sì ní purọ́ fún ọ, ṣúgà ti tán.

Ọlọ́run á ṣọ́ àlọ rẹ, á ṣọ́ àbọ̀ rẹ. Ọjọ́ tí o bá béèrè ire, ire gan-an ni wọn yóò fi dá ọ lóhùn. Mo ti bẹ dókítà kó ní sùúrù díẹ̀. Ìwọ̀nba ìríran tó kù lójú mi, ìwọ ni mo fi í pamọ́ dè.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ọlátúndé Onírọ̀rí.