Ọmọbìnrin Tí Ọba Àlùjọ̀nnú Fi Ṣaya

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Kẹ́mta ni mò ń gbé.

Nígbà tí mo wà nílé ìwé, mo fẹ́ràn ìwé ìtàn mẹ́ta kan tó tẹ̀ léra, nípa àwọn àlùjọ̀nnú ilẹ̀ Lárúbáwá. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tún wọn kà ni. Ọba àlùjọ̀nnú fi ọmọbìnrin kan ṣaya. Nígbà yẹn, mo ní olóríire lọmọ náà. Àṣé kò sẹ́ni tó bi í bóyá ó fẹ́!

Láti ìgbà tí mo ti tún wọn kà, ọkàn mi ò balẹ̀. Ọkọ mi ti fi ọmọ wa, ẹ jẹ́ ká pè é ní Sàfúrátù, fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Jímọ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa so yìgì.

Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká bi ọmọ náà."

Ó ní, "Ìwé ìtàn ti dà ọ́ lórí rú."

Ni mo bá bi Sàfúrátù fúnra mi. Ó bú sẹ́kún, ó ní, "Ìyá mi, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ bi mí."

Ẹ̀yin olùgbọ́, kí ni kí n sọ fún bàbá rẹ̀?