Kámẹ́rà Inú Pálọ̀ àti Orúnkún Ìyá Rẹ

Owódé, Ẹ̀gbá.

Àràmídé, ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ o, mo kí Tóbilọ́ba ọkọ rẹ. Ṣé ara yín le? Ọlọ́run kò ní í jẹ́ kí ẹsẹ̀ yín kọ lọ́nà Èkó. Àwa náà ń bẹ láàyè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé o ti rí i fúnra rẹ, nítorí kámẹ́rà tí o ní kí oníná gbé sí igun pálọ̀ lẹ́yìn tí ìyá rẹ ṣubú kì í pajú dé.

Mo máa ń kí ọ nídìí ẹ̀ láràárọ̀. O kì í dáhùn, ṣùgbọ́n inú kò bí mi, mo mọ̀ pé ọ̀gá rẹ wà nítòsí. Bí a bá jẹun tán, mo máa ń gbé abọ́ sókè kí o lè rí i pé a yó. Adìẹ funfun yẹn pa ọmọ mẹ́jọ, mo kó wọn wá fi hàn ọ́ lọ́jọ́ Ẹtì.

Ohun tó ń dùn mí nìyí. Láti ìgbà tí orúnkún ti ń yọ ìyá rẹ lẹ́nu, bí oòrùn bá ti ń rọ̀, yóò gbé ẹsẹ̀ lé mi nítan lórí àga gígùn, èmi yóò máa fi òrí wọ́ ọ, yóò máa bú mi pé ọwọ́ mi le bíi ti ẹni tó ń roko, a ó sì jọ máa rẹ́rìn-ín. Kò jẹ́ kí n ṣe é mọ́. Ó ní ọmọ ń wò wá. Tẹ́lẹ̀, bí wọ́n bá mú iná lọ, á ní o ti sùn, á sì na ẹsẹ̀ sí mi. Ni o bá tún fi bátìrì ránṣẹ́! Láti ìgbà náà o kò sùn mọ́.

Ni mo bá fi fìlà mi bo kámẹ́rà náà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Ẹsẹ̀ ìyá rẹ kò tíì pẹ́ nítan mi tí Làtífátù, ìyàwó ará ilé kejì, fi já wọlé, ó ń mí hẹlẹ, ó ní o pe òun pé pálọ̀ ti ṣókùnkùn, ṣé a ṣì wà láyé. Àràmídé, orúnkún tí kò lè gun àtẹ̀gùn kan, ó sáré wọ yàrá lọ! Mo rẹ́rìn-ín nígbà náà, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, ìyá rẹ wà lórí àpótí lẹ́bàá ilẹ̀kùn, èmi wà lórí àga, bí ẹni tó ń dúró de dókítà. Àárò rẹ̀ ń sọ mí, bẹ́ẹ̀ ilé kan náà la wà.

Wọ́n ti ṣọ́ wa rí o. Nígbà tí mo ń fẹ́ ìyá rẹ ní Ṣàpọ́n, ojú fèrèsé ni ìyá-ìyá rẹ máa ń jókòó bí mo bá ti gbé ìwé orin dé, pé mo wá kọ́ Lydia lórin ṣọ́ọ̀ṣì. Bí a bá kọ ọ́ dé ẹsẹ kẹta, màmá á húkọ́, á ní òun fẹ́ lọ wo ọbẹ̀ lórí iná lẹ́yìn ilé, á sì pẹ́ níbẹ̀ dáadáa. N kò rí ọbẹ̀ kankan jẹ rí nínú ilé yẹn. Ìgbà yẹn dùn, ọmọ mi.

Mo bẹ̀ ọ́, bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ bá ti lù, yí ojú sí ibòmíràn títí di mẹ́fà, kí o sì pe ìyá rẹ fúnra rẹ, sọ fún un pé o ò wò, torí kò ní gba tèmi gbọ́. Bí ọkàn rẹ kò bá balẹ̀, wá sílé wá wò wá. Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra òrí tuntun, èyí tó wà nílẹ̀ ti ń rùn. Má sọ fún ìyá rẹ pé mo kọ̀wé o, ẹ̀yìn ilé ni mo ti kọ ọ́, níbi tí ojú rẹ kò dé.

Olúwa yóò dá ìwọ àti Tóbilọ́ba sí, ẹ ó jọ darúgbó. Yóò fi ọmọ jíǹkí yín, ọmọ tí í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Herbert