Nọ́ńbà Iṣu Tí Ọláníyan Ò Gbọdọ̀ Gbọ́

                                                  Ojúlé Kẹrìnlá,
                                                  Ẹ̀yìn Mọ́ṣáláṣí,
                                                  Ẹ̀gbẹ́dá, Èkó.
                                                  12/9/2004

Nùrẹ́nì, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Àlàáfíà fún ẹ o. Ṣé ara le? Mùnírátù ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dun Bàbá ti fúyẹ́? Àwa náà wà dáadáa níbí, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Àdíját ìyàwó mi ní kí n kí ẹ.

Iṣu tó o rí fún wa lọ́sẹ̀ tó kọjá ti wọ Ṣáṣá, gbogbo ọjà ló dìde wò ó. Ọláníyan tó ń bá mi du ọjà ò rí ẹyọ kan rà! Abúlé karùn-ún ló gbé mọ́tò lọ, wọ́n ní àwọn ò tíì wa iṣu. Pírámárì tíríì ni mo ti sá kúrò níléèwé, àmọ́ ta ló ronú kan ọgbọ́n tá a dá yìí? O mọ̀ pé abẹ́ agboòrùn àbúrò Ọláníyan tó ń ta kọ́ọ̀lù nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń mú lọ́dọ̀ yín, gbogbo ohun tó o bá sọ fún mi ló ń dé etí ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti ṣáájú mọ́tò wa débi iṣu. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ká máa fi nọ́ńbà pe abúlé mẹ́fà yẹn láti ẹnu títì, kó o sì máa fi mẹ́ta lé e. O ní karùn-ún, mo mọ̀ pé ìkejì ni. Ẹni tó gbọ́ ìró ilẹ̀kùn tí ò ní kọ́kọ́rọ́, ìta náà ló máa sùn.

Àmọ́ Nùrẹ́nì, má fi mẹ́ta lé nǹkan kan mọ́ o! Mo ti bà á jẹ́ díẹ̀. Lọ́jọ́ tí iṣu dé, Ọláníyan kọjá níwájú ìsọ̀ mi, ó ní, "Tàjù, oríire lásán ni jàre. Ta ló kọ́ ẹ lọ́gbọ́n?" Ó ká mi lára. Mo ní, "Yọ mẹ́ta kúrò nínú gbogbo ohun tó o bá gbọ́, kó o wá wò ó bóyá wàá lé mi bá!" Gbogbo ọjà bú sẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín. Ó dúró, ó ń ka ìka ọwọ́ ẹ̀.

Àdíját wò mí, ó ní, "Bàbá Abdulmuiz, ẹ ti kó kọ́kọ́rọ́ fún olè, ẹ tún fi ilẹ̀kùn hàn án."

O sì mọ̀ pé Ìyálọ́jà ti sọ ọ́: tí ìsọ̀ mi bá tún ṣófo lẹ́ẹ̀kan sí i, Ọláníyan ló máa gbà á. Ìsọ̀ tí mo fi ẹrù rírù rà, ọdún mọ́kànlá!

Kò le rárá ṣá, a ti rí ọ̀nà tó jù yẹn lọ. Nọ́ńbà mẹ́wàá ló wà nínú ìwé kékeré tá a fi òwú pupa rán pa sínú àpòòwé yìí. Látòkè ni kó o ti bẹ̀rẹ̀, èyí tó bá kàn ni kó o fi lé nọ́ńbà abúlé dípò mẹ́ta. Tó o bá ti lo ọ̀kan, fa igi lé e lórí, a ò ní lò ó mọ́ láéláé. Sìdíkátù àbúrò mi ló ń mú un bọ̀. Tó o bá rí i pé òwú yẹn ti já, dáná sun ìwé náà, má pè.

Àdíját ló mú àwọn nọ́ńbà yẹn, òun ló kọ ọ́, ẹ̀dà kejì wà lọ́wọ́ ẹ̀. Mi ò rí i, mi ò sì bèèrè. Tó o bá pè lọ́jọ́bọ̀, màá kí ẹ dáadáa, màá wá gbé fóònù fún un. Òun ló máa sọ ibi tí dẹ́rẹ́bà ń lọ.

Bá mi kí Mùnírátù àti Bàbá. Sọ fún wọn pé èmi ṣì ni ọ̀gá iṣu ní Ṣáṣá. Ohun tí etí mi ò bá gbọ́, ẹnu mi ò lè tà á.

Ọ̀rẹ́ rẹ tí ò yí padà,
Tàjùdíìnì Oníṣu