Òrùlé Eléyín Ayùn

Agboolé Ọláwọlé,
Ọ̀fin, Ṣàgámù.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Ẹrẹ́nà, 2024.

Hàmdálátù, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni lẹ́tà yìí bá ọ nílé ọmọ rẹ ní Ìlọrin? Orúnkún ńkọ́? Àwọn ọmọ ọmọ ńkọ́? Ní tèmi, mo wà, mo ń jẹun, mo sì ń dá sí ọ̀rọ̀ tí kò kàn mí gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi. Lásúnkànmí, ọmọ ọmọ mi, ní kí n pè ọ́ lórí fóònù dípò kí n máa fi yíǹkì ṣòfò. Mo bi í pé fóònù wo ni yóò wọ etí tí ẹ̀rọ ìhunṣọ ti jẹ tán.

Mo mọ̀ pé inú ń bí ọ sí mi, nítorí láti oṣù Ọ̀pẹ n kò kọ ọ̀rọ̀ kan sí ọ. Ìwọ lo fà á. Lọ́jọ́ tí ọmọ rẹ wá mú ọ lọ, o di ọwọ́ mi mú, o ní, "Ọmọ́yẹni, bí wọ́n bá wó Tẹ́sítáìlì wa, má sọ fún mi." Oṣù Ọ̀pẹ yẹn gan-an ni mo gbọ́ pé wọ́n fẹ́ wó ilé iṣẹ́ ìhunṣọ tí a ti lo èwe wa náà. N kò lè purọ́ fún ọ, n kò sì lè sọ òótọ́, ni mo bá dákẹ́.

Àlàájì Tàjúdéènì, ọ̀kan nínú àwọn oníṣòwò obì níhìn-ín, ló ra ilé náà. Ó fẹ́ kọ́ ilé ìkóbìsí tuntun síbẹ̀, onípáànù láti òkè délẹ̀. Nígbà tí mo rí katapílà lẹ́nu géètì, mo jókòó sórí òkúta kan. Mo sunkún bí ọmọdé.

Mo wá lọ bá Àlàájì nílé. Àṣìṣe tí mo ṣe ni pé ìgbà èwe wa ni mo kó lé e lọ́wọ́. Mo sọ bí ariwo ẹ̀rọ ṣe pọ̀ tó, tó fi jẹ́ pé ètè la fi ń sọ̀rọ̀, tí kálukú ń ka ẹnu ẹnì kejì rẹ̀. Mo sọ bí a ṣe máa ń bú Ọ̀gá Ilésanmí, alábòójútó wa tí kò mọ ẹnu kà, níṣojú rẹ̀, tí yóò máa rẹ́rìn-ín sí wa. Àlàájì fi sùúrù gbọ́ mi, ó bu omi fún mi, ó wá ní, "Ìyá, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìrántí kò ṣe é kó obì sí."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra, àmọ́ kò parọ́. Ọjọ́ kẹta ni mo bu obì kan jẹ, ọyẹ́ ti mú un gbẹ bí igi. Bí mo ti tu ú dànù báyìí ni orí mi là. Ohun tó ń ba obì jẹ́ nígbà ọyẹ́ náà kọ́ ló ń já òwú mọ́ ahunṣọ lọ́wọ́? Ìwọ náà rántí: ètè wa a bẹ́ lóde, ṣùgbọ́n tí a bá ti sọ àtẹ̀gùn mẹ́rin yẹn kalẹ̀ wọ gbọ̀ngàn, ara a tù wá, òwú kì í já. Àwọn tó kọ́ ilé náà ní ọdún kẹrin òmìnira mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ògiri bíríkì tó nípọn, ilẹ̀ tó rẹlẹ̀, kòtò omi lábẹ́ rẹ̀ tí kò jẹ́ kí afẹ́fẹ́ inú ilé gbẹ, àti òrùlé tó rí bí eyín ayùn, tí gíláàsì ara eyín kọ̀ọ̀kan kọjú sí àríwá kí oòrùn má baà wọlé tààrà. Ìwọ lo máa ń sọ pé kọ́lékọ́lé ti mutí yó kó tó kan òrùlé yẹn.

Mo padà tọ Àlàájì lọ. Mo ní kó mú apẹ̀rẹ̀ obì méjì, oko kan náà, ọjọ́ kan náà, kó gbé ọ̀kan sí ilé onípáànù rẹ̀, kó gbé èkejì sí gbọ̀ngàn wa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó gbà. Kareemat ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ti ilẹ̀kùn méjèèjì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà náà kò rọrùn fún mi. Bí obì gbọ̀ngàn bá bàjẹ́, a jẹ́ pé èmi fúnra mi ni mo fa katapílà wọlé.

Sátidé tó kọjá la ṣí wọn. Èyí tó wà lábẹ́ páànù ti hunjọ, kòkòrò ti wọ ìdajì rẹ̀. Ti gbọ̀ngàn tutù yọ̀yọ̀. Àlàájì gé ọ̀kan jẹ. Ó pe Kareemat lọ sí ìpẹ̀kun gbọ̀ngàn, lẹ́bàá òpó kọkànlá, ó sì rọra ń bá a sọ̀rọ̀. Hàmdálátù, ó gbàgbé pé ahunṣọ ni mí. Mo ka ẹnu rẹ̀ ketekete: "A ò ní wó o mọ́. Má tíì jẹ́ kí Ìyá mọ̀, kó má baà rò pé òun borí mi."

Ó padà wá, ó fa ojú ro, ó ní àwọn yóò rò ó wò. Mo kúnlẹ̀ dúpẹ́ pé kò ní wó o mọ́. Ó bi mí pé ta ló sọ fún mi. Mo ní òun náà ni, láti ìdí òpó kọkànlá. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ilé obì ni yóò jẹ́ o, kì í ṣe ilé aṣọ, wọ́n sì ti ta àwọn ẹ̀rọ wa fún onírin tipẹ́. Ṣùgbọ́n òrùlé kò kúrò lórí, wọn yóò pààrọ̀ gíláàsì tó fọ́, èmi ni yóò sì fi fèrèsé tí wọ́n ń tì nígbà ọyẹ́ hàn wọ́n. Inú mi dùn, ọ̀rẹ́ mi.

Ààwẹ̀ ti dé tán. Kí Ọlọ́run gbà á lọ́wọ́ rẹ, kó fún orúnkún rẹ lágbára, kó má sì jẹ́ kí ojú wa di ti ìwé nìkan.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹ̀rọ rẹ̀ kọjú sí tìrẹ,
Ọmọ́yẹni.

Àfikún: Lánàá, Kareemat fún mi ní kọ́kọ́rọ́, mo dá wọlé. Ojú ihò tí wọ́n fi de ẹ̀rọ rẹ mọ́lẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Mo dúró síbi tèmi, mo kọjú sí ibi tìrẹ, mo fi ètè béèrè ohun tí a máa ń bi ara wa tí iṣẹ́ bá parí: "Ṣé ká máa relé?" Kò sí ẹni tó dáhùn. Tí ẹ bá ti ṣe ọdún ìtúnu ààwẹ̀ tán, wá dá mi lóhùn.