Ibi Tí Pèrègún Wà Tẹ́lẹ̀

Ìyá mi,

Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú ojú lọ́nà mi. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn. Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ti fúyẹ́? Ṣé ẹ ń lo oògùn yín, àbí ẹ tún ti ń fi pa mọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí? Mo kí Sìkírá àbúrò mi àti àwọn ọmọ rẹ̀. Mo kí gbogbo ará àdúgbò wa ní Lásunwọ̀n, Ìkòròdú. Mo kí Bàbá Kékeré, àbúrò Bàbá wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tí wọ́n bá gbọ́ lẹ́tà yìí tán, wọ́n lè má fẹ́ gbọ́ ìkíni mi mọ́.

Ẹ má bínú pé inú ìwé ìròyìn ni lẹ́tà yìí gbà dé ọ̀dọ̀ yín. Bí mo bá sọ ọ́ lórí fóònù, Bàbá Kékeré á ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa, Sìkírá á bú sẹ́kún, ẹ̀yin á ní ká fọ̀rọ̀ lé Ọlọ́run lọ́wọ́, ibẹ̀ ló sì máa parí sí. Mo mọ̀ wá.

Mo wà láàyè. Yàrá abẹ́ ilẹ̀ ni mò ń gbé ní Kánádà níbí. Fèrèsé kan ṣoṣo ló ní, òkè lọ́hùn-ún ló sì wà, tó fi jẹ́ pé ẹsẹ̀ àwọn tó ń kọjá nìkan ni mò ń rí. Tí yìnyín bá bọ́, mi ò rí ẹsẹ̀ gan-an mọ́. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi ni mò ń fọ aṣọ ibùsùn wọn. Funfun ni mò ń fọ̀, funfun ni mò ń ká, tí mo bá sì jáde, funfun ló tún bo ìta.

Ìwé ìgbélùú mi ṣì wà lọ́wọ́ ìjọba. Wọ́n ní mo lè dúró títí wọ́n á fi dá mi lóhùn, àmọ́ tí mo bá fi lè jáde, mi ò ní lè wọlé mọ́. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi wá sin Bàbá. Ojú fóònù ni mo ti wo bí wọ́n ṣe ń da yẹ̀pẹ̀, fóònù Sìkírá sì kú kí wọ́n tó ṣe tán. Mo sunkún, mo nujú, mo lọ ká aṣọ.

Tí mo bá délé, àwòrán ni mò ń kùn. Ẹ rántí èyí tí mo fi ránṣẹ́ sí yín lórí Wasáàpù, tí ẹ bi mí ìgbà tí mo máa yà á tán? Ẹ ní ó jọ ògiri tí ọmọdé fi ọwọ́ ẹlẹ́rẹ̀ nù. Mo rẹ́rìn-ín títí. Mi ò kì í ya ilé, mi ò kì í ya èèyàn. Àwọ̀ ni mò ń tẹ́: àwọ̀ ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ láàárọ̀, àwọ̀ yẹ̀pẹ̀ ẹ̀bá ọ̀nà ní Agric nítòsí ilé wa tí òjò bá dá, àwọ̀ èéfín ibi tí wọ́n ti ń yan ẹja. Ìlú wa ni mò ń yà, kì í ṣe bó ṣe rí lójú, bó ṣe kù sí mi nínú ni. Àmọ́ nínú gbogbo wọn, ìlà kan wà tó dúdú bí ewé, tó máa ń là á kọjá láti òkè dé ìsàlẹ̀. Obìnrin tó ń bá mi tà wọ́n fẹ́ràn ìlà yẹn. Mo ya méjì tí kò ní in, ó dá wọn padà, ó ní kí n lọ fi ohun tí wọ́n fi mọ̀ mí sí i. Àwọn èèyàn a máa bi mí ohun tí ìlà náà jẹ́. Mo máa ń sọ pé ìrètí ni. Irọ́ ni mò ń pa.

Ẹ̀yin nìkan lẹ dá a mọ̀. Ẹ gbé fóònù sún mọ́jú, ẹ ní ṣé kì í ṣe pèrègún ààlà ilẹ̀ wa ní Ẹ̀pẹ́ nìyẹn. Mo ní òun ni. Ẹ wá bi mí bóyá mo ti jẹun.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Sìkírá pè mí. Ó ní àwọn ọmọ Ìyá Mújídà, opó tí ilẹ̀ wọn bá tiwa pààlà ní Ẹ̀pẹ́, ti gbé ọ̀rọ̀ lọ síwájú àwọn àgbà. Wọ́n ní ibi tí Sìkírá ń kọ́lé sí, ilé tó ti dé ojú fèrèsé, ilẹ̀ ìyá wọn ni. Àwọn àgbà ní ibi tí pèrègún bá wà ni ààlà wà, àmọ́ wọ́n fẹ́ gbọ́ lẹ́nu ẹni tó máa ń bá Bàbá lọ sóko pé láti ayé bàbá bàbá wa ló ti wà níbẹ̀. Èmi ni ẹni náà. Bàbá Kékeré gba fóònù, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú kan péré ni, kí n borí dáadáa, kí n sọ ọ́ sójú fóònù, kí n fi ránṣẹ́.

Mo gbìyànjú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo borí, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dé ibi orúkọ Bàbá tí mo pa á rẹ́. Mi ò lè jáde nínú ìlú yìí, mi ò lè jáde nínú àwòrán kan ṣoṣo tí mò ń yà, ẹ̀yin náà tún wá ń tì mí mọ́nú irọ́. Ó sú mi, Ìyá mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Mi ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ọkọ Ìyá Mújídà ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, Ìyá Mújídà sì ti kó àwọn ọmọ lọ ṣe opó lọ́dọ̀ àwọn òbí wọn. Bàbá mú mi lọ sóko láàárọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́yìn òjò. Wọ́n hú pèrègún láti ìdí igi ìyeyè dé ẹnu kànga, wọ́n sì gbé e wọ inú ilẹ̀ olóògbé ní ogún ìṣísẹ̀. Ẹ mọ̀ pé pèrègún kò ṣòroó gbìn, ibi tí a bá ti fi í gúnlẹ̀ ló ti ń hù. Èmi ni mò ń dì í mú kó nàró, Bàbá ń tẹ ilẹ̀ mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí n lọ dúró lọ́ọ̀ọ́kán, kí n wò ó bóyá ó tọ́. Mo ní ìkẹta yà sọ́tùn-ún. Wọ́n tún un ṣe. Inú wọn dùn, wọ́n ní ojú mi mú, pé ojú àti ọwọ́ ni n ó fi jẹun. Wọn ò tiẹ̀ ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n ra ẹja dídín fún mi, a wọkọ̀ padà sí Ìkòròdú.

Ìlà àkọ́kọ́ tí mo fà láyé nìyẹn. Nígbà tí Ìyá Mújídà padà dé, kànga tí ọkọ wọn gbẹ́ ti bọ́ sọ́dọ̀ wa. Ta ni wọ́n fẹ́ bá jà? Wọ́n ń wá tọrọ omi, èmi ni mo sì máa ń fà á fún wọn. Wọn a máa ṣàdúrà fún mi pé ọwọ́ mi á máa ròkè.

Mo fẹ́ràn Bàbá. Mi ò kọ èyí láti fi wọ́n ṣẹ̀sín. Àmọ́ wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a, tiwa sì ti lé ní ọgbọ̀n. Ẹ sọ fún àwọn àgbà pé ibi tí pèrègún wà báyìí kọ́ ni ààlà. Láti ìdí igi ìyeyè dé ẹnu kànga ni. Bí wọ́n bá ti gé igi náà, kí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ wò, wọ́n á bá kùkùté rẹ̀. Ìyá Mújídà ló sì ni kànga.

Sìkírá, mo mọ̀ pé ìwọ lò ń ka lẹ́tà yìí sétí Ìyá. Mo mọ iye òwúrọ̀ tí o fi sáré lọ síbi iṣẹ́ ní Èkó nítorí bulọ́ọ̀kù yẹn. Ìpín tèmi nínú ilẹ̀ Bàbá, èyí tó kọjú sí ọ̀sà, tí wọ́n ní kí n wá kọ́lé sí tí mo bá dé, mú un. Kọ́ yàrá Ìyá kí fèrèsé rẹ̀ kọjú sómi. Ojoojúmọ́ ni mo máa ń kọ́lé sórí ilẹ̀ yẹn lọ́kàn mi, mo ti mọ ibi tí ilẹ̀kùn wà. Mi ò ní ibòmíràn tí mo lè padà sí, ẹ̀rù sì ń bà mí. Síbẹ̀, mú un.

Ìyá mi, ó ku ohun kan. Lọ́jọ́ tí a ti oko dé, ẹrẹ̀ kún aṣọ mi láti àyà dé orúnkún, ewé pèrègún sì há sí mi nírun. Ẹ yọ ewé náà, ẹ wò ó, ẹ wo Bàbá. Ẹ gbé aṣọ mi lọ sídìí omi, ẹ fọ̀ ọ́ títí ó fi mọ́. Ẹ ò bi mí ní nǹkan kan. Mi ò bínú sí yín. Àmọ́ tí àwọn àgbà bá béèrè ẹni kejì tó mọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó ku èmi nìkan.

Ọlọ́run á lọ́ra ẹ̀mí yín, á fi okun sí ẹsẹ̀ yín kó lè gbé yín dé Ẹ̀pẹ́. Á tẹ́ Bàbá sí afẹ́fẹ́ rere. Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà nílé. Ẹ bá mi kí Ìyá Mújídà, ẹ ní ọmọ tó máa ń fa omi fún wọn ló ní kí wọ́n máa fa omi wọn.

Èmi ni ọmọ yín, tí ẹ fọ ẹrẹ̀ aṣọ rẹ̀,
Ràmọ́tà