Oògùn Ẹsẹ̀ Tó Ń Ba Inú Jẹ́

Bàbá Tóyọ̀sí,

Ẹ má wá oògùn ẹsẹ̀ yín, mo ti dà á sí ṣáláńgá. Ọrùn ẹsẹ̀ ló rọ́ lóko kòkó, kì í ṣe inú. Nọ́ọ̀sì ní kẹ́ ẹ jẹun kẹ́ ẹ tó lò ó. Ẹ ní ààwẹ̀ ìjọ lẹ ń gbà, ẹ wá ń gbé e mì sínú òfìfo kẹ́ ẹ lè dúró gbàdúrà. Ohun dúdú tẹ́ ẹ bì láàárọ̀ yìí, ẹ̀jẹ̀ ni. Kàbírù ò gbé fóònù, mo ti sáré lọ bá a nílé kó wá fi mọ́tò gbé wa lọ sọ́sibítù. Ẹ má dìde, ẹ má mu àgbo kankan.

Ọlọ́run ì bá dárí jì yín ká ní ẹ jẹun. Èmi ò ní dárí jì yín tẹ́ ẹ bá fi mí sílẹ̀.