Àìsàn Tí Tìrẹńkọ́ Gbé Wá Láti Inú Ìyá Rẹ̀

Fẹ́yìsayọ̀ ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà, ṣé Èkó ń ṣe ọ́ jẹ́jẹ́? Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ò ní í bàjẹ́, ẹsẹ̀ rẹ ò sì ní í ṣì níbi tí ire wà. Àwa náà wà ní Ìtàjí níbí, ẹ̀gẹ́ ọdún yìí ta dáadáa, bàbá rẹ sì ń kí ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ajá ni ò jẹ́ kó rí tèmi rò.

Tìrẹńkọ́ ni mò ń wí, ọmọ ajá tí bàbá rẹ fi orúkọ rẹ̀ dá àwọn ará àdúgbò lóhùn. Kò ní í tíì lé òkété dé ìdí ọ̀pẹ tí yóò fi dákú, ahọ́n rẹ̀ á sì dúdú bí ẹni lá aró. Bàbá rẹ ní ọdẹ kì í bọ́ ajá tí kò lè sáré, pé òun máa tà á fún àwọn tó ń fi ẹran ajá mu ẹmu. Mo ní kó jẹ́ kí n gbé e dé Ìkọ̀lé ná, ni èmi àti ajá bá gun ọ̀kadà.

Dókítà ẹranko tó wà níbẹ̀, Morádéyọ̀, obìnrin tí kò ju ìwọ lọ, fi rọ́bà sí etí, ó gbé e lé ajá láyà, ó tún fi nǹkan kékeré kan rìn kiri àyà rẹ̀ títí ọkàn rẹ̀ fi hàn nínú tẹlifíṣọ̀n. Mo kí ọkàn náà. Dókítà ní ihò ń bẹ níbẹ̀, pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bí i. Mo ní ṣé kò lè lẹ̀ ẹ́ bí fọkanáísà ṣe ń lẹ táyà ni, ó ní wọ́n ń ṣe irú rẹ̀ lókè òkun, pé ọwọ́ tiwa ò tíì tó o. Mo pè ọ́, mo gbé fóònù lé ajá láyà kí ìwọ náà lè gbọ́ bó ṣe ń dún, o ò gbé e.

Dókítà wáá ní irú àìsàn yìí máa ń wà nínú ìran. Ọ̀rọ̀ yẹn bí mi nínú. Àbí a kì í ṣe ìwádìí kí a tó gbé ìyàwó ni? Mo wé gèlè, mo mú Alice ìyàwó àbúrò bàbá rẹ dání, ó di Ayédé, nílé Ajíbọ́lá tó ni akọ ajá tó gun ìyá Tìrẹńkọ́. A kí wọn dáadáa, a ní a ò bá ti ìjà wá, àna ni wá, a kàn fẹ́ mọ ìdí tí wọ́n fi fi àìsàn ìdílé wọn pamọ́ fún wa. Ajíbọ́lá rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, ó ní ta ló gba owó orí. Ṣùgbọ́n nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó ní lóòótọ́, ọmọ méjì tí akọ náà bí sílé ẹlòmíì ṣubú kú bẹ́ẹ̀, òun rò pé ejò ni. Ó ti so akọ náà mọ́lẹ̀ báyìí kó má baà gun ajá mìíràn.

Dókítà ní kí Tìrẹńkọ́ má ṣọdẹ mọ́, kó máa lo oògùn, pé kò ní í pẹ́ láyé bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè gbádùn èyí tó kù. Mo sunkún lórí ọ̀kadà. Jọ̀ọ́, fi owó oògùn ránṣẹ́, kí o fi ti iyọ̀ àti epo pupa sí i. Má fi í sínú ẹ̀rọ báńkì Òyè o, ẹ̀rọ yẹn ò mọ̀ mí, ó ti gbé káàdì mi mì rí, n kò sì rí ẹni bá wí. Awakọ̀ ni kí o fi rán.

Bàbá rẹ ò tà á mọ́. Ó ti pẹ́ tí àwọn nọ́ọ̀sì ti ń bẹ̀ ẹ́ kó máa rọra rìn nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, kò gbọ́. Ní báyìí, òun àti ajá ló jọ ń lọ oko. Bí ajá bá dúró mí, òun náà á dúró, á ní ajá ló rẹ̀.

Kí Olúwa fún ìwọ náà ní ẹni tí yóò máa dúró dè ọ́ lójú ọ̀nà.

Èmi ni ìyá rẹ.